WỌ́N YA ÀWÒRÁN Ọ̀NÀ WA, WỌN Ò BI WÁ!

Ẹ̀yin ará wa nílé lóko, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin awakọ̀ àti ọlọ́kadà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìfaradà kòtò. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọ̀nà ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́ bí àwọn tó wà lórí àga ti ń sọ ọ́. Bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní, "A ó ṣe títì fún yín, a ó gbé bọ́ọ̀sì wá." A ti gbọ́ èyí títí, etí wa ti kún. Ìbéèrè tí ẹgbẹ́ wa ń béèrè yàtọ̀. Ta ló jókòó níbi tí wọ́n ti pinnu ibi tí títì yóò gbà? Ta ló sọ pé ọkọ̀ ìjọba yóò dúró níbí, kò ní dúró lọ́hùn-ún? Ta ni wọ́n bi?

Àwọn baba wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí tiwa ni wọ́n ti ń fá láti ọjọ́ yìí wá, àwa olórí wà lóko, a ò tilẹ̀ mọ̀ pé abẹ ti jáde nínú àkọ̀. Ìgbà tí kátapílà bá dé ni a tó ń gbọ́, tàbí ìgbà tí a bá retí kátapílà títí tí a kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Ọlọ́run ló ń fún abúlé kan ní títì tó ń fi òmíràn sílẹ̀. Kí ìjọba tó ná owó sí ọ̀nà kan, wọ́n á rán àwọn ọmọ ọ́fíìsì wá láti ka ọkọ̀. Wọ́n á jókòó sí ìkòríta pẹ̀lú ìwé àti bírò, wọ́n á máa fa igi: mọ́tò kan, mọ́tò méjì, lọ́rì kan. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á ro ó pọ̀. Bí ọkọ̀ bá pọ̀, wọ́n á ní ọ̀nà náà yẹ ní ẹni tí à ń da ọ̀dà sí. Bí kò bá pọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí èrò lójú ọ̀nà yìí, owó ìjọba kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ó dà bí ọgbọ́n, àbí? Ẹ tún un wò. Ọ̀nà tí kòtò inú rẹ̀ lè gbé màlúù mì, mọ́tò wo ló fẹ́ gbà á? Ọ̀nà kò dáa, mọ́tò kò wá. Mọ́tò kò wá, wọn kò ní tún ọ̀nà ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa yí wa po lójú kan títí àwọn ọmọ wa náà yóò fi darúgbó.

Mọ́tò nìkan ni wọ́n ń kà. Wọn kì í ka ìyá tó ru agbọ̀n tòmátì tó tún pọn ọmọ sẹ́yìn. Wọn kì í ka ọmọ iléèwé tó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ kó lè la odò kọjá. Wọn kì í ka aláìsàn tí wọ́n gbé sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà kó má baà já bọ́. Ọjọ́ wo tilẹ̀ ni wọ́n wá kà? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjà wa kò mọ Mọ́ńdè, kò mọ Fúráìdè. Ọjọ́ tó bá bọ́ sí ló ń ná. Bí ọmọ ọ́fíìsì bá wá lọ́jọ́ tí kò sí ọjà, ewúrẹ́ àti ajá ni yóò rí kà. Ká ní ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni, yóò rí èrò bí eṣú. Ìyá alákàrà tó wà ní ìkòríta yẹn ì bá sọ fún un láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n nu ọwọ́, wọn ò bi í.

Bákan náà ni ti omi. Ẹ̀rùn ni àwọn oníwọ̀n-ilẹ̀ máa ń wá, nítorí pé nígbà òjò, mọ́tò tiwọn fúnra wọn kò lè wọlé. (Èyí nìkan ì bá ti tó wọn í ròyìn!) Nígbà ẹ̀rùn, odò á tín-ín-rín bí okùn ìdí bèbè. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ní páìpù kọnkéré kan ti tó o. Òjò September á dé, odò á gun òkè, á gbé páìpù lọ, á gbé ọ̀dà lọ, á gbé owó ìlú lọ. Ọdẹ àgbà kan wà ní abúlé yẹn tó mọ igi tí omi ń mù dé, ó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kì í ṣe pé a ní kí ọdẹ wá ka iye irin tí yóò wọ inú afárá o. Iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn, àwọn ló kọ́ ọ. Ibi tí omi ń gbà ni iṣẹ́ ọdẹ. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé ni afárá ń dúró.

Owó wo la ń sọ níbí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé bí a bá ti fà á tu, ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹni tó ní ọ̀nà á tà á ní iye tó wù ú. Ẹni tí kò ní ọ̀nà á tà á ní iye tó wu oníbàárà, nítorí oníbàárà mọ̀ pé kò síbi tó fẹ́ gbé e lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì yẹn ni owó iléèwé ọmọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù May 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà jálá kan lọ́sẹ̀ yẹn ti kọjá 480 kí ọ̀sẹ̀ kejì tó dé. Nígbà tí yóò fi di October 2024, ó ti ń sún mọ́ 1,000 náírà. Ọlọ́kadà tó ń gbé yín ti abúlé wọ ọjà, orí ta ni ó kó o lé? Orí yín ni. Orí ẹ̀gẹ́, orí ẹ̀fọ́, orí ìyá aboyún tó ń lọ gba abẹ́rẹ́. N kò tíì dé abúlé kan nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí tí wọn kò ní ìtàn aboyún kan tó rọbí lóru tí ilẹ̀ fi mọ́ bá a lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn dé ọsibítù. Àwọn mìíràn kò dé.

ÒYÌNBÓ KÒ BI WÁ. ÀWỌN TÍ A DÌBÒ FÚN ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Rélùwéè tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó kí ọdún 1900 tó pé, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Kí 1910 tó dé, ó ti gba Òṣogbo àti Ìlọrin dé Jẹ́bbà. Iléṣà kò jìnnà sí Òṣogbo, irin kò yà síbẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde, Oǹdó, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì: títí di òní tí mo ń kọ ìwé yìí, kò sí ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Ẹrù ni òyìnbó ń wá kó. Ibi tí ẹrù bá ti lè gbà dé etí òkun kíákíá ni ó ya irin gbà. Kò bi wá, a kò sì retí pé kó bi wá, a kì í ṣáà ṣe ẹni tó dìbò fún un.

Ológun náà kò bi wá. Alhaji Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro Èkó, èyí tí wọ́n pè ní Metroline, ní 1983, kí òṣìṣẹ́ tó ń jí ní ìdájí lè rí nǹkan wọ̀. Ní 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé e. Owó tó ju mílíọ̀nù 78 dọ́là lọ wọmi. Ọjọ́ 4 oṣù September 2023 ni èrò àkọ́kọ́ tó sanwó wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun ní Èkó láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13 péré. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fagi lé ti àkọ́kọ́ ti di ẹni ọdún 38, ó ti fi gbogbo ìgbà ọmọdé àti ìgbà èwe rẹ̀ so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mólúè àti dáńfó. Àwọn tó fagi lé e kì í wọ mólúè.

Ó dáa, òyìnbó ti lọ, ológun ti padà sí bárékè. Àwọn tí a fi ìka tẹ̀ka fún wá ńkọ́? Ní ọjọ́ Mọ́ńdè 27 oṣù January 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé láti ọjọ́ Sátidé 1 oṣù February, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kò gbọdọ̀ ná ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà àti àgbègbè ìdàgbàsókè mẹ́sàn-án mọ́. Ọjọ́ márùn-ún! Onílé tó fẹ́ lé ayálégbé jáde kì í fún un ní ọjọ́ márùn-ún. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọ̀kadà ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀, àwọn olè ń fi í jalè, àwa náà ń rí i. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ, ṣé kò ní bi í pé kí ni yóò fi rìn? Àwọn èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn láti ibi iṣẹ́ délé lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ayé rí i. Ní 1 oṣù June 2022 wọ́n tún ṣe òmíràn, wọ́n ní ọ̀kadà kò gbọdọ̀ rìn rárá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà.

Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà kan wà tí Èkó béèrè. Kí bọ́ọ̀sì BRT tó bẹ̀rẹ̀ ní March 2008 láti Mile 12 dé CMS, àwọn tó ṣètò rẹ̀ jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ awakọ̀, wọ́n bá wọn jà, wọ́n bá wọn rẹ́, títí àwọn awakọ̀ fi dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ tí àwọn náà sì wà lára àwọn tó ń darí bọ́ọ̀sì. Ó ní àléébù tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó rìn. Àwọn tí a rò pé wọn yóò dáná sun bọ́ọ̀sì ló wá ń wa bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá lè ṣe é láti Mile 12 dé CMS, kí ló dé tí wọn kò lè ṣe é láti oko wa dé ọjà?

Ẹ wo rélùwéè tuntun tó ti Èkó wá sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù June 2021. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́ rí, ẹ sọ fún àwọn tí kò wọ̀ ọ́ rí. Stéṣàn àtijọ́ wà ní Dùgbẹ̀, láàárín ìgboro, ìwọ àti ẹrù rẹ ti dé ọjà nìyẹn. Tuntun wà ní Mọ́níyà. Ìyá tó ń lọ sí Ọjà-Ọba á bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́níyà, á tún wá mọ́tò mìíràn tàbí méjì, owó mìíràn, ariwo mìíràn. Ó lè jẹ́ pé ìdí wà tí wọ́n fi gbé e lọ síbẹ̀: ilẹ̀ gbòòrò, irin á ti ibẹ̀ lọ síwájú. Kí wọ́n sọ ọ́ fún wa kí wọ́n tó gbé e lọ, kí àwa náà sọ pé ó dáa, ẹ wá jẹ́ ká jọ ṣètò bọ́ọ̀sì tí yóò máa dúró de ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Orúkọ ni wọ́n rántí. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n wọn ò wo ilé, wọ́n wo ìwé ìtàn. Wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pe ti Mọ́níyà. Wọ́n fi orúkọ Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pe ti Pápáláńtò. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ta ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti? Òun ló kó àwọn ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta jọ tí wọ́n ní àwọn kò ní san owó orí tí kò sí obìnrin kan ní ìgbìmọ̀ tó bù ú. Wọ́n jókòó sí iwájú ààfin títí ọ̀rọ̀ fi di ti ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949 Aláké fi oyè sílẹ̀, owó orí obìnrin di ohun àtijọ́, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá. Ohun tí ìyá yẹn fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún nìyí: ẹ má pinnu lórí wa láìsí wa níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Pápáláńtò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri, ta ló pè yín kí wọ́n tó mọ stéṣàn yẹn? Bí wọ́n bá pè yín, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n pè yín àti ohun tí ẹ sọ.

GÁRÉÉJÌ TÍ EWÚRẸ́ Ń SÙN

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìjọba ńlá sílẹ̀, ká wá sílé. Ìlú kan wà tí mo ti ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣì ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kánsù yẹn lójoojúmọ́. Gárééjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Kánsù ní ó ń dí ojú ọ̀nà, òótọ́ sì ni, ó ń dí i. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n mọ ògiri, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, wọ́n gbé géètì sí i, alága kánsù wá gé rìbọ́ọ̀nù. Ó dára lójú. Àmọ́ obìnrin tó ra ẹrù lọ́jà ní láti gba ọ̀kadà dé gárééjì, á san ti ara rẹ̀, á san ti ẹrù, kó tó wá san owó mọ́tò gan-an. Kò pé oṣù mẹ́ta, àwọn dẹ́rẹ́bà ti padà sí ẹ̀bá ọjà, wọ́n ń gbé èrò bí ẹni jí èèyàn gbé, ẹ́ńjìnnì wọn kì í kú. Kánsù kó àwọn ọmọ tó ń lé wọn síbẹ̀, wọ́n ń gba owó. Ojú ọ̀nà wá dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gárééjì tuntun wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo kúrò, ewúrẹ́ ló ń sùn sínú rẹ̀.

Mo bi ìyá kan tó ń ta gààrí níbẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjà mà. Ṣé wọ́n pè yín kí wọ́n tó gbé e lọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n pè wá o. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i ni wọ́n pè wá, wọ́n ní ká wá jó."

Ẹ̀yin ará, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn yín? Ijó ni wọ́n mọ̀ wá mọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi hàn pé àwọn béèrè, wọ́n á háyà hótẹ́ẹ̀lì ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, wọ́n á pe Kábíyèsí méjì, olóyè mẹ́rin, àwọn oníròyìn, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á ní ìpàdé àwọn tọ́rọ̀ kàn nìyẹn. A bọ̀wọ̀ fún Kábíyèsí, kádé ó pẹ́ lórí. Ṣùgbọ́n Kábíyèsí kì í wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ kan ẹni tó ń dúró sí ibùdókọ̀ nínú òjò, òun ni kò sí ní hótẹ́ẹ̀lì.

ÀGA WA WÀ NÍNÚ ÌWÉ ÒFIN

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí. Ohun tí à ń béèrè kì í ṣe ojú rere. Ẹ ní kí ọmọ yín tó kàwé ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sí abala keje, ìlà kẹta. Ó ní ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè àgbègbè tirẹ̀, ó sì ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe òfin tí yóò dá ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé sílẹ̀ nítorí èyí. Ẹ bi alága kánsù yín: ìgbìmọ̀ yẹn dà? Àwọn wo ló wà níbẹ̀? Ọjọ́ wo ni wọ́n ṣèpàdé kẹ́yìn? Ẹ máa wo ojú rẹ̀ bó bá ti ń dáhùn.

Kí ọmọ yín tún ṣí ẹ̀yìn ìwé òfin náà, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ kánsù sí. Ọ̀nà àdúgbò wà níbẹ̀. Gárééjì wà níbẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti ti ọmọlanke, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti ọmọlanke, òfin mọ̀ yín o, kánsù ni kò mọ̀ yín.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé kánsù kò lówó, pé gómìnà ló di gbogbo rẹ̀ mú. Ní ọjọ́ 11 oṣù July 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọdọ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, àti pé kánsù tí aráàlú dìbò yàn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá kúrò lọ́wọ́ gómìnà tó bọ́ sọ́wọ́ alága, tí ojú yín kò sí níbẹ̀, ọ̀gá lẹ kàn pààrọ̀.

Ti iṣẹ́ ńlá ńlá bí ojú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí... ẹ má rẹ́rìn-ín, bí bàbá àgbà kan ṣe ń pe ọ̀nà másọsẹ̀ nìyẹn ní abúlé kan, ó ní gbogbo ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ gbàdúrà. Ti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ àti ti rélùwéè tuntun, òfin kan ti wà láti 1992 pé kí ìjọba tó fọwọ́ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ipa tí yóò ní lórí àyíká wò, kí wọ́n sì fún aráàlú láǹfààní láti sọ tẹnu wọn. Òfin mìíràn ti wà láti 2011 tó fún ẹnikẹ́ni lágbára láti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba pé kí wọ́n fi ìwé hàn òun: iye kọ́ńtíráàtì, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, àwòrán ọ̀nà. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ ọ́, òfin gbà á. Ó ti tó ọdún mélòó tí àwọn òfin yìí ti wà? Ta ló ti kà á létí yín rí ní èdè Yorùbá? Wọ́n mọ̀ ọ́n o. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ijó á tán.

Wọ́n á ní béèrè-béèrè máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Afárá tí omi gbé lọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ló fa ìyẹn sẹ́yìn? Wọ́n á ní bí ẹ bá pe ará oko, oníkálùkù á ní ẹnu ọ̀nà ilé òun ni kí títì gbà. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ibi tí títì gbà ní àdúgbò tiwọn! Ní ìlú Porto Alegre ní Brazil, ní 1989 ni ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àdúgbò kọ̀ọ̀kan jọ lọ́dọọdún nígbà náà láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ìlú fi owó ṣe. Àwọn aláìní ló máa ń wá nígbà náà, àwọn tí kò kàwé púpọ̀. Wọn kò jà pa ara wọn. Títì àdúgbò àti omi wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ yàn, ó sì dé àwọn àdúgbò tí kò dé rí. Orí tí wọ́n ní náà la ní.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń sọ rèé, ẹ fi í mú wa. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì ọ̀nà, gárééjì tàbí ọkọ̀ ìjọba èyíkéyìí, àwòrán rẹ̀ yóò dé wọ́ọ̀dù tó kàn, wọn yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọn yóò ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Kò ní jẹ́ àárọ̀ tí àgbẹ̀ wà lóko, kò sì ní jẹ́ ọjọ́ ọjà tí àwọn ìyá ń ná. Ẹni tó bá fẹ́ ka ọkọ̀ yóò kà á lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjà, yóò sì ka ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó ru ẹrù. Kì í ṣe Báálẹ̀ nìkan ni yóò jókòó. Ìyálọ́jà, dẹ́rẹ́bà, ọlọ́kadà, nọ́ọ̀sì, tíṣà, afọ́jú àti arọ tó ń lo ọkọ̀ náà. Fúlàní tó wà ní gáà àti Àgàtú tó ń bá wa roko, àwọn náà ń rin ọ̀nà yẹn, kí wọ́n wá. Ohun tí ìlú bá sọ, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ìjọba bá gbà, a ó kọ ọ́. Èyí tí kò bá gbà, a ó kọ ìdí rẹ̀. A ó lẹ ìwé náà mọ́ ògiri kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á.

Kí ọjọ́ ìbò tó dé, gbogbo wọn ni yóò wá bá yín, tiwa náà á wá. Bí wọ́n bá ti gun orí pèpéle, ẹ má jẹ́ kí onílù bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan nínú yín dìde, kó bèèrè lọ́wọ́ olùdíje: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe títì fún wa, ọjọ́ wo lẹ máa mú àwòrán rẹ̀ wá?" Bó bá dáhùn, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lójú rẹ̀. Bó bá ní ìyẹn á wá lẹ́yìn ìbò, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ ka ìwé yìí fún ẹni tí kò lè kà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí abúlé tó kàn kó tó di ọjọ́ ọjà wọn.